Bí láàbù tiwa náà ṣe lè gbé rénjì ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ kalẹ̀, láti Kàbbà dé Ẹ̀gbẹ̀

Òkun o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní láàbù, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ) tẹ́ ẹ wà nílé ìlera abúlé, àti ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tẹ́ ẹ ń wá prọ́jẹ́ẹ̀tì tó nítumọ̀. Ẹ mú ìwé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan lọ́wọ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà méjì sí, bíi 12 – 16 (g/dL) lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hb, ìyẹn èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Òun ni rénjì, ìyẹn ààlà tí nọ́ńbà àwọn tára wọn le sábà máa ń wà láàárín ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n fi ṣe é? Lọ́pọ̀ ìgbà inú máṣíìnì ló ti bá a wá látọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe máṣíìnì ọ̀hún, tàbí kí ẹnì kan ti dà á kọ látinú ìwé òyìnbó láyé ọjọ́un, gbogbo wa sì ń dà á kọ lọ láì bèèrè.

Ó ṣe pàtàkì o. Ẹ jẹ́ ká mú neutrophil, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan tó ń bá kòkòrò àrùn jà. Ọ̀pọ̀ ìwé ní tó bá ti wálẹ̀ ju 2.0 (×10⁹/L) lọ ó ti kéré, àwọn kan sọ pé 1.5. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwa èèyàn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ò ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa wa, nǹkan yẹn ni ibà vivax máa ń gbà wọlé, àìní ẹ̀ ni vivax ò fi fi bẹ́ẹ̀ rí wa mú, àìní ẹ̀ náà ló ń mú kí neutrophil tó ń lọ nínú ẹ̀jẹ̀ wa kéré sí ti òyìnbó láì jẹ́ pé àìsàn kankan wà níbẹ̀. Obìnrin tára ẹ̀ dá ṣáṣá ní Mọ̀pà lè ní 1.3, kí wọ́n fi pẹ́ẹ̀nì pupa fa ìlà sí i, kí wọ́n ní kó máa lọ Lọ́kọ́ja lọ rí spẹ́ṣálísìtì, owó mọ́tò lọ, owó àyẹ̀wò lọ, oorun alẹ́ náà lọ.

Ṣùgbọ́n kí inú yín má tíì dùn jù, torí òdìkejì ẹ̀ náà burú. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wọ́pọ̀ láàárín wa ló jẹ́ àlàáfíà. Àìtó ẹ̀jẹ̀ wọ́pọ̀, ibà tí ò hàn wọ́pọ̀, aràn ń bẹ. Tẹ́ ẹ bá kàn kó gbogbo obìnrin tó ń rìn lọ́jà wọlé, tẹ́ ẹ gba ẹ̀jẹ̀ wọn, rénjì yín máa sọ àìsàn di àlàáfíà, ẹni tó nílò ìtọ́jú á wá gba ìwé tó sọ pé kò sí nǹkan kan. Nídìí èyí, orí bẹ́ ẹ ṣe yan àwọn obìnrin lẹjọ́ yìí wà, kì í ṣe bí máṣíìnì yín ṣe wọ́n tó.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ṣé ẹ nílò iṣẹ́ ńlá tàbí kékeré?

Ìlànà tí láàbù káàkiri ayé ń tẹ̀ lé ni ti CLSI (àjọ tó ń ṣe ìlànà fún láàbù), EP28-A3c lorúkọ ẹ̀. Ó ní tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé rénjì tuntun kalẹ̀, ó kéré tán kẹ́ ẹ ní èèyàn 120 fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan o, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ ti àwọn tí ò lóyún àti ti àwọn tó lóyún, 120 níbí, 120 lọ́hùn-ún.

Láàbù kékeré ò lè ṣe ìyẹn, kò sì sí ìtìjú ńbẹ̀. Ọ̀nà kékeré wà: ẹ mú rénjì tẹ́ ẹ ti ń lò, tàbí èyí tí láàbù ńlá kan ní Nàìjíríà fi irú máṣíìnì yín ṣe, ẹ wá obìnrin 20 tára wọn le dáadáa, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Tí ẹni tó bọ́ síta rénjì ò bá ju méjì lọ nínú 20, ẹ máa lò ó lọ. Tó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ wá 20 míì, tó bá tún ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kejì, rénjì yẹn ò bá àwọn èèyàn yín mu. Tó bá tó márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má wulẹ̀ tún un ṣe, ẹ wá iṣẹ́ ńlá yẹn ṣe, tàbí kẹ́ ẹ wá rénjì ibòmíì. Èmi gbà pé ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí ọ̀pọ̀ láàbù tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Kogi ti bẹ̀rẹ̀, kí láàbù mẹ́ta mẹ́rin tó ń lo irú máṣíìnì kan náà wá para pọ̀ ṣe ti 120.

Ìwé àṣẹ ńkọ́? Ẹ ò lè gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni fún irú iṣẹ́ yìí láì gba àṣẹ ìgbìmọ̀ ẹ́tíìkì, yálà ti ilé ìwòsàn ńlá tàbí ti mínísírì ètò ìlera ìpínlẹ̀. Obìnrin kọ̀ọ̀kan á gbọ́ àlàyé lédè tó yé e, Ọ̀wẹ́ ni o, Yàgbà ni o, Bùnú ni o, kó tó tọwọ́ bọ̀wé tàbí tẹ̀ka. Ọjọ́ orí ìbímọ tí WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) ń lò jẹ́ 15 sí 49, àwọn tí ò tíì pé 18 nínú wọn, ẹ gba àṣẹ òbí, kí ọmọ náà fúnra ẹ̀ sì gbà pẹ̀lú. Ẹ má kọ orúkọ sára tíúbù, nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ kọ, kí ìwé tó so orúkọ mọ́ nọ́ńbà wà níbi tí wọ́n ń tì.

Yíyan àwọn obìnrin

Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù.

Ẹ má lọ kó àwọn tó ti wà lórí bẹ́ǹṣì ní ọsibítù. Ẹ má sì fi gbogbo ẹ̀ ṣe àwọn nọ́ọ̀sì àti ọmọ pólì nìkan, torí pé ìyẹn ló rọrùn jù, wọ́n sábà máa ń jẹun ju àwọn tó wà lóko lọ. Ẹ bá àwọn ìyálọ́jà sọ̀rọ̀, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, àwọn tíṣà, àwọn aránṣọ, ẹ pín in káàkiri Kàbbà/Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà méjèèjì àti Mọ̀pàmúró. Àkókò náà ṣe kókó: nígbà kajú, oko ni gbogbo wọn wà látàárọ̀, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn, nígbà òjò ńlá ẹ̀wẹ̀ ibà pọ̀ débi pé ẹ máa lé ẹni púpọ̀ padà. Ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, lẹ́yìn ìkórè iṣu, ni mo fọwọ́ sí.

Ìbéèrè wá kù. Ẹ ẹ̀ gbọ́dọ̀ bèèrè pé "Màmá, ṣé ara le?" torí ẹ mọ èsì ẹ̀: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, tí òòyì ń kọ́ tó bá dìde, a dúpẹ́ náà ló máa sọ. Ọmọlúàbí ò ń ka àìsàn ẹ̀ sílẹ̀ fálejò. Ẹ bèèrè ohun tó ṣeé dá lóhùn ní tààrà:

"Màmá, ìgbà wo lẹ lo oògùn ibà kẹ́yìn?"
"Nǹkan oṣù yín, ọjọ́ mélòó ló ń gbà? Páàdì tàbí aṣọ mélòó lẹ ń pààrọ̀ lọ́jọ́ tó bá pọ̀ jù? Ṣé ó máa ń dì?"
"Ṣé ẹ̀ ń jẹ amọ̀ tàbí yìnyín?"
"Kí lẹ mu lánàá àti lónìí, títí kan àgbo àti blood tonic?"

Ìbéèrè amọ̀ yẹn, ẹ fi ẹ̀rín bèèrè ẹ̀, torí ojú máa ń tì wọ́n. Ẹni tí amọ̀ bá ń wù ú jẹ, ó ṣeé ṣe kí áyọ́ọ̀nù (iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) ti tán lára ẹ̀, amọ̀ náà sì tún lè dí áyọ́ọ̀nù tó wà nínú oúnjẹ lọ́wọ́. Ẹ tún béèrè kírímù tí wọ́n fi ń bóra, torí àwọn kan nínú ẹ̀ ní mákúrì tó ń ba kíndìnrín jẹ́, ẹ ò sì fẹ́ irú ẹ̀ nínú rénjì creatinine (ohun tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́) yín.

Àwọn tẹ́ ẹ máa yọ kúrò: ẹni tó ní ibà tàbí ara gbígbóná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹni tó bímọ tàbí tóyún bàjẹ́ lára ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú (àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe tiwọn lọ́tọ̀), ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ tàbí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láìpẹ́, ẹni tó ní ìfúnpá gíga, ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn kíndìnrín tàbí ti ẹ̀dọ̀, ẹni tó ń lo oògùn ojoojúmọ́. Ti fètò sọ́mọ bíbí, mi ò ní ká yọ ọ́ o, abẹ́rẹ́ àti ìmplántì wọ́pọ̀ gan-an lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ torí ó lè dín ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù kù, kó sì mú ferritin (èròjà tó ń fi áyọ́ọ̀nù ìpamọ́ hàn) ròkè. Ẹ kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ náà. Tó bá jẹ́ họ́mọ́ọ̀nù lẹ fẹ́ wọ̀n, bíi progesterone, FSH àti LH, ó di dandan, nítorí nọ́ńbà ọjọ́ kẹta àti ti ọjọ́ kọkànlélógún ò jọra rárá.

Lẹ́yìn ìbéèrè ni àyẹ̀wò ìyọkúrò. Ẹ ṣe àyẹ̀wò oyún fún gbogbo wọn, títí kan ẹni tó búra pé òun ò lóyún. HIV, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti C. Ibà, kẹ́ ẹ fi máíkróskóòpù wò ó, torí RDT (àyẹ̀wò ibà ojú ẹsẹ̀) lè máa sọ pé ibà wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa á. Ìgbẹ́ fún aràn, ìtọ̀ fún àtọ̀sí ajá, pàápàá àwọn tí ń wẹ̀ lódò. Jẹ́nótáìpù: SS àti SC kúrò, AS lè dúró, ṣùgbọ́n ẹ fẹnu kò lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rí nọ́ńbà tán.

Ẹ wá wo ferritin tí owó bá wà. Òun ló ń sọ bóyá áyọ́ọ̀nù ń bẹ ní ìpamọ́ lára. WHO ní àgbàlagbà tí ferritin ẹ̀ ò tó 15 µg/L, áyọ́ọ̀nù ti tán lára ẹ̀. Wàhálà ẹ̀ ni pé tí ara bá ń jà pẹ̀lú àrùn, ferritin á ga lẹ́nu lásán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn CRP (èròjà ẹ̀jẹ̀ tó ń fi irú ìjà yẹn hàn) pọ̀ mọ́ ọn, tí CRP bá ju 5 mg/L lọ, 70 ni WHO ní ká lò dípò 15. Ní tiwa níbí, ẹni tí CRP ẹ̀ bá ga, ẹ yọ ọ́ kúrò kíákíá, ó ti parí.

Ọ̀kan wà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ gan-an ṣì máa ń bọ́ sí. Ẹ má fi Hb lé ẹnikẹ́ni nígbà tó jẹ́ rénjì Hb lẹ̀ ń wá. Tẹ́ ẹ bá ti sọ pé ẹni tí ò tó 12 kó máa lọ, kí lẹ tún ń wá? Rénjì yín máa bẹ̀rẹ̀ láti 12 bó ti wù kó rí, ẹ kàn da ti WHO kọ ni. Ohun tó ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀ lẹ máa fi yọ èèyàn, kì í ṣe Hb fúnra ẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo ìyọkúrò yìí, ẹ má rò pé obìnrin 120 lẹ máa pè láti rí 120. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìlọ́po méjì.

Ọjọ́ gbígba ẹ̀jẹ̀

Àárọ̀, láàárín aago méje sí mẹ́wàá, kí wọ́n má tíì jẹun láti alẹ́, omi nìkan. Kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n, pàápàá ẹni tó sáré gun òkè wá tàbí tó ru igi, torí ìdúró àti ìrìn ń yí bí omi ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ sí padà, PCV (ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀) àti albumin (purotéènì inú omi ẹ̀jẹ̀) á ga. Okùn tẹ́ ẹ fi so apá kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ má ní kó máa di ẹ̀ṣẹ́ kó máa tú u, potassium á gòkè lásán.

Ọmọrí pupa lẹ máa kọ́kọ́ kún, lẹ́yìn náà aláwọ̀ pọ́pù, kẹ́ ẹ tó kan aláwọ̀ eérú tó wà fún ṣúgà. Ẹ má rò pé àṣejù ni: EDTA (kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) inú tíúbù pọ́pù ní potassium, tí ìkán ẹ̀ bá bọ́ sínú pupa, potassium á ga fíofío, calcium á lọ sílẹ̀, ẹ ó máa wá àìsàn tí ò sí. Ẹ yí tíúbù pọ́pù lórí kodò jẹ́jẹ́ bí ìgbà mẹ́jọ, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ti ṣúgà, tẹ́ ẹ bá fi sínú tíúbù lásán, sẹ́ẹ̀lì á máa jẹ ẹ́, bí ìdá 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ní wákàtí kan, tí oòrùn bá wà ó tún ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà wá ńkọ́! Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ ṣàlàyé kòtò fún níbí. Tíúbù tí mọ́tò ti gbọ̀n láti abúlé dé ìlú, sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ á fọ́, omi òkè ẹ̀ á di pupa bíi zobo, potassium àti AST (èròjà tó máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì) inú ẹ̀ ò ṣeé gbà gbọ́ mọ́. Ẹ gbé sẹ́ńtríféèjì kékeré àti inverter lọ síbi tẹ́ ẹ ti ń gba ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ kí tíúbù pupa dì fún bí ààbọ̀ wákàtí, ẹ yí i, ẹ fa omi òkè ẹ̀ kúrò kí wákàtí méjì tó pé, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá rìnrìn àjò. Tíúbù pọ́pù ẹ má gbé e lé yìnyín lójú kojú, ẹ fi aṣọ là á láàárín nínú kúlà, kẹ́ ẹ rí i pé ó wọ máṣíìnì láàárín wákàtí mẹ́fà.

Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ fún wọn ní àkàrà àti ògì gbígbóná. Ẹ má gbówó ńlá kalẹ̀ o, tówó bá ti pọ̀ jù, ẹni tó ní ibà lánàá máa sọ pé òun ò ní in.

Máṣíìnì

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ńtróòlù (èyí tí wọ́n ti mọ nọ́ńbà ẹ̀ tẹ́lẹ̀) ìpele mẹ́ta láràárọ̀, kẹ́ ẹ yà á sórí ṣáàtì, tó bá ti bọ́ síta ẹ dúró títí ẹ ó fi rí ìdí ẹ̀. Máṣíìnì kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí iná tó ń wọ inú ẹ̀ gba stabilizer kọjá. Ẹ tún máa fi orí yín wò ó: Hb lọ́nà mẹ́ta yẹ kó sún mọ́ PCV. Hb 12.5, PCV bíi 37 tàbí 38. Tẹ́ ẹ bá rí 31, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Tí platelet (sẹ́ẹ̀lì kékeré tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) bá kéré gan-an lára ẹni tí ò ṣàìsàn kankan, ẹ ya slide ẹ̀, ẹ wò ó, ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣù pọ̀ nínú EDTA ni.

Ìṣirò

Ẹ kọ́kọ́ yẹ àwọn tó dá yàtọ̀ wò. Ẹ mú nọ́ńbà tó ga jù, ẹ yọ èyí tó tẹ̀ lé e kúrò nínú ẹ̀, ẹ fi gbogbo fífẹ̀ (èyí tó ga jù dín èyí tó kéré jù) pín in. Tó bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ẹ fura. Ká ní platelet tó ga jù jẹ́ 720, tó tẹ̀ lé e jẹ́ 410, tó kéré jù jẹ́ 130. 720 dín 410 jẹ́ 310. 720 dín 130 jẹ́ 590. 310 pín sí 590 jẹ́ 0.53, ó ju 0.33 lọ dáadáa. Ẹ padà sí fọ́ọ̀mù obìnrin yẹn kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, torí àìtó áyọ́ọ̀nù gan-an máa ń gbé platelet sókè, ó lè jẹ́ pé ó yọ́ kọjá lára yín.

Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ to nọ́ńbà 120 láti kékeré dé ńlá. Àárín ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún là ń wá, ẹ gé 2.5 nísàlẹ̀, ẹ gé 2.5 lókè. 121 lọ́nà 0.025 jẹ́ 3.025, ìyẹn ni pé nọ́ńbà kẹta ni ìsàlẹ̀ rénjì yín. 121 lọ́nà 0.975 sún mọ́ 118, nọ́ńbà kejìdínlọ́gọ́fà ni òkè ẹ̀. Àbí ẹ rí i, kò le. Tó bá jẹ́ Excel, PERCENTILE.EXC ni kẹ́ ẹ lò, òun ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, INC máa ń ṣèrò míì. Ẹ má fi mean (ìṣirò àárín) àti SD (bí nọ́ńbà ṣe fọ́n ká tó) méjì ṣe é fún ferritin, ALT (ti ẹ̀dọ̀) tàbí triglyceride (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀), nọ́ńbà wọn máa ń wọ́ lọ sápá kan, ìsàlẹ̀ rénjì lè bọ́ sábẹ́ òdo, ta ló ní ferritin tí ò tó òdo?

Ẹ kọ bó ṣe dá yín lójú tó sí i. Pẹ̀lú èèyàn 120, ìsàlẹ̀ gan-an lè wà níbikíbi láàárín nọ́ńbà kìíní sí ìkeje, òkè ẹ̀ láàárín ìkẹrìnléláàádọ́fà sí ọgọ́fà, ìyẹn ni ìdánilójú 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí kìíní bá jẹ́ 10.2, tí ìkeje jẹ́ 12.1, ìsàlẹ̀ yín ṣì ń mì, ẹ wá èèyàn kún un.

Ká ní ìsàlẹ̀ Hb yín wá jáde ní 11.6 (àpẹẹrẹ ni o). Ṣé kẹ́ ẹ wá sọ fún dókítà pé 11.6 ti tó? Rárá. Ti WHO, ẹni tí ò lóyún tí Hb ẹ̀ ò tó 12.0 ni wọ́n ń pè ní aláìtó ẹ̀jẹ̀, àmì ìtọ́jú nìyẹn, rénjì yín kàn ń sọ ohun tẹ́ ẹ rí lára àwọn tẹ́ ẹ yàn ni. Ẹ kọ méjèèjì. Tó bá jẹ́ ṣúgà àti kọlẹ́sítẹ́róòlù, ẹ má wulẹ̀ gbé rénjì ìlú kalẹ̀, àmì ìtọ́jú ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́: ṣúgà àárọ̀ tó bá ti dé 126 mg/dL yẹ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò fún ìtọ̀ ṣúgà, ì báà jẹ́ ìdajì ìlú ló ní i.

Àwọn tó lóyún

Ẹ má kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Omi ẹ̀jẹ̀ wọn ń pọ̀ sí i ju bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe ń pọ̀ lọ, nítorí náà Hb ń lọ sílẹ̀, creatinine àti albumin náà ń lọ sílẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun ń gòkè, ALP (ẹ́ńsáìmù kan) ń gòkè torí ibi ọmọ ń ṣe é, platelet ń dín díẹ̀. Ó tún yàtọ̀ láti oṣù mẹ́ta dé oṣù mẹ́ta: WHO fi ààlà sí 11.0 fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, 10.5 fún ti àárín. Aláboyún tẹ́ ẹ fi creatinine aláìlóyún wọ̀n lè ní kíndìnrín tó ti ń ṣòjòjò kí ìwé sọ pé kò séwu.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ síwèé

Rénjì, yúnìtì, orúkọ máṣíìnì, ọdún tẹ́ ẹ ṣe é, àti irú obìnrin tẹ́ ẹ fi ṣe é. Ẹ tún ṣàlàyé fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì pé ẹni márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tára wọn le máa bọ́ síta rénjì tẹ́ẹ̀sì kan, àwa la gé e bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣe tẹ́ẹ̀sì 20 tí ọ̀kan ò nípa lórí èkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 64 nínú ọgọ́rùn-ún pé ó kéré tán ọ̀kan á ní àmì H (ó ga jù) tàbí L (ó kéré jù) láì sí àìsàn kankan, nítorí náà kí wọ́n má dẹ́rù ba màmá onímàmá lórí àmì kan ṣoṣo.

Àwọn tẹ́ ẹ yọ kúrò, ẹ pè wọ́n padà. Ẹni tó ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, ẹni tí ferritin ẹ̀ jẹ́ 6, ẹni tó lóyún tí ò mọ̀, ẹ fà wọ́n lé ilé ìwòsàn lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé, ní ìkọ̀kọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì pààrọ̀ máṣíìnì, tàbí ẹ yí ilé iṣẹ́ tó ń ta reagent (kẹ́míkà àyẹ̀wò) fún yín padà, ẹ tún wá obìnrin 20 yẹn kẹ́ ẹ tó tẹ rénjì àtijọ́ sórí ìwé tuntun.